Ẹ Má Ṣe Fi Ọmọ Náà Pa Mọ́: Bí Fóònù Ṣe Lè Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Àkàndá Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí, ṣùgbọ́n a kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì tí a sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, ilé tí a ti wọ̀ láti ṣe àbẹ̀wò kò kéré. Ohun kan tí a ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni pé, nígbà tí a bá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ìjọ, ìdílé kan yóò dárúkọ ọmọ mẹ́ta fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ díẹ̀ lórí ìjókòó, a óò gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá, a óò sì wá mọ̀ pé mẹ́rin ni wọ́n. Ìkẹrin ni ẹni tí kò ríran, tàbí tí kò gbọ́ràn, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ti àwọn yòókù. Àwọn kan ń pè wọ́n ní aláàbọ̀ ara, àwọn mìíràn sì ń pè wọ́n ní àkàndá ẹ̀dá. Ọmọ ni wọ́n, ohun tí a ó máa pè wọ́n kò yí ìyẹn padà.

Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyí burú. Ẹlòmíràn nínú wọn ti ná gbogbo owó tí ó ní sí ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ti gbé ọmọ náà kiri orí òkè àdúrà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù ohun tí àwọn ará àdúgbò yóò sọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ owó. Wọn a ní, "Pásítọ̀, owó tí a ó ná lórí ìwé eléyìí, ẹ jẹ́ kí a fi kún ti àwọn tí ara wọn pé. Ìwé wo ni ó fẹ́ kà tí kò rí i?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni a fẹ́ dáhùn. Ní ìgbà kan, ó ṣòro láti dáhùn rẹ̀ ní irú ìlú kékeré tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé Braille wọ́n, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran sì jìnnà síni. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà, ohun tí ó sì yí i padà wà nínú àpò èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa: fóònù alágbèéká àti àwọn ètò kéékèèké orí rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní áàpù. A kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìwàásù ni a kọ́. Ohun tí a fojú rí, àti ohun tí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kọ́ wa, ni a ó sọ síhìn-ín.

Ọmọ Tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣú

Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ó sì mọ̀wé. Láti JSS 2 ni ó ti ń sọ pé òun kò rí ojú pátákó dáadáa mọ́. Wọ́n gbé e wá sí ìjókòó iwájú. Nígbà tí ó fi máa dé SS 1, ọwọ́ ni ó fi ń tọ ògiri rìn. Àwọn dókítà ojú sọ pé glaucoma ni, àrùn tí ó máa ń ba iṣan tí ń gbé ìríran láti inú ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́. Wọ́n ṣàlàyé pé èyí tí ó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán oògùn ojú déédéé, èyí tí ó kù lè dúró. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ létí yín: àrùn yìí máa ń tẹ̀lé ìdílé, ó sì sábà máa ń wọlé láìsí ìrora. Ẹ̀yin tí ẹnì kan bá ti ní in nínú ẹbí yín, ẹ tètè mú àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ojú.

Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, bàbá rẹ̀, tí ó ń ta pákó, sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi. A ti gbàdúrà, a ti gbààwẹ̀, a sì ń retí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí ìyẹn yóò fi dé, ẹ jẹ́ kí ó dúró ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni ó ń lọ wò ní ilé-ìwé?"

Kí a tó lanu, ọmọ náà fọhùn láti ibi tí ó jókòó sí. Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. N kò kọ̀ láti ran Mọ́mì lọ́wọ́. Ojú mi ni kò ríran mọ́ o, orí mi ṣì pé."

Gbogbo wa dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, a sọ fún bàbá náà pé, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ fún wa ní oṣù mẹ́ta. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a ó tún ọ̀rọ̀ yìí sọ." Ó gbà, ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀ pé nítorí ọ̀wọ̀ ni ó ṣe gbà.

A wá arákùnrin kan lọ ní ìlú kejì, ẹni tí kò ríran láti kékeré, tí ó ti jáde ní yunifásítì tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó wọ ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀. Kò béèrè fún ohun olówó ńlá kankan. Ó ní kí wọ́n mú fóònù èyíkéyìí tí ó wà nínú ilé wá. Ti ìyá ni wọ́n mú wá, Android kan tí igun ojú rẹ̀ ti sán. Ó ní kí a lọ sí ibi ètò fóònù náà, níbi tí wọ́n kọ Accessibility sí, kí a tan ohun tí wọ́n ń pè ní TalkBack. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, nítorí ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android láti ìgbà tí a ti rà wọ́n. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ìka bá kan ibì kan lójú fóònù, yóò dárúkọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá fi ìka fà sí ọ̀tún, yóò lọ sí ohun tí ó kàn. Bí a bá fà á sí òsì, yóò padà sẹ́yìn. Bí ó bá ti dárúkọ ohun tí a ń wá, a ó tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí ó tó ṣí. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n lò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìyá rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sáré wá sí ilé míṣọ̀n pé ẹ̀mí kan ti wọ inú fóònù òun, òun tẹ̀ ẹ́ títí kò pe ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. A rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan áàpù tí ń jẹ́ Lookout, tí Google ṣe. Bí a bá gbé fóònù sókè lórí ojú ìwé tí a tẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì tó, yóò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà jókòó ti ìwé Government rẹ̀, ó sì fi etí ka orí kan tán láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a kà á. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè pé, "Ta ni ń bá a sọ̀rọ̀?" Ìyá rẹ̀ ní, "Ìwé rẹ̀ ni."

Àwọn Tí Ó Ṣe Wọ́n

A bi arákùnrin olùkọ́ yìí pé ta ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan báyìí. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Louis Braille, tí a bí ní ilẹ̀ Faransé ní 1809, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí irinṣẹ́ awọ bàbá rẹ̀ gún un lójú, èyí tí ó sọ ọ́ di afọ́jú. Ní 1824, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 15, ó ti ṣètò lẹ́tà tí a ń fi ìka kà, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àmì kéékèèké mẹ́fà lọ. Àmì mẹ́fà náà ni ayé ń lò títí di òní. Láti 2020, TalkBack pàápàá ti ní ọ̀nà tí a lè fi tẹ Braille lójú fóònù.

Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ó ti ń fi alùpùpù sáré ìje rí, pàdánù ojú rẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 1978. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ JAWS, tí ó jáde ní 1989, tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. JAWS dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ní 2006, Michael Curran ní ilẹ̀ Australia bẹ̀rẹ̀ èyí tí ń jẹ́ NVDA, ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ni kò ríran. Wọ́n ní kò tọ́ kí ẹni tí kò ríran máa san owó ju ẹni tí ó ríran lọ kí ó tó lè lo kọ̀ǹpútà kan náà, nítorí náà wọ́n fi NVDA sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó ní Windows lè gbé e.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin òbí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi àwọn wọ̀nyí pa mọ́ sínú yàrá ni, ta ni ì bá ṣe irinṣẹ́ tí ọmọ wa ń lò lónìí?

Ẹni Tí Kò Gbọ́ràn Àti Ẹni Tí Lẹ́tà Ń Dàrú Mọ́ Lójú

Àwọn àgbà Ìbàdàn kan ṣì lè rántí Andrew Foster. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, àìsàn sì ti di í létí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó gbọ́ ìpè iṣẹ́ míṣọ́nnárì, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987, ilé-ìwé tí ó ti dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Ẹni tí kò gbọ́ràn ni ó gbọ́ ìpè náà.

Gallaudet yìí kan náà ni Google bá ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí áàpù tí ń jẹ́ Live Transcribe, tí ó jáde ní 2019. Dimitri Kanevsky, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn láti kékeré, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, fóònù yóò máa kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ràn yóò sì máa kà á.

A dán an wò ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí ibà líle kan di létí. Nígbà tí olùkọ́ súnmọ́ fóònù tí ó sì sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ketekete, ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mẹ́ta jùmọ̀ sọ̀rọ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, tàbí tí olùkọ́ da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo wa ti ń ṣe, ohun tí ó kọ kò ní ìtumọ̀. Nítorí náà, méjì nínú àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ èdè ọwọ́ báyìí. Fóònù lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ kan tí ojú rẹ̀ ríran, tí etí rẹ̀ gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tí ó dé JSS 1 láìlè ka ìlà kan já gaara. Olódo ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti nà án títí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pe ohun tí ń ṣe é ní dyslexia: ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í tètè so pọ̀ mọ́ ìró lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí a jẹ́ kí fóònù máa ka ìwé sí i létí bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìlà náà, tí a sì bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, ó dáhùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó ní òun ń rántí gbogbo pàṣán tí òun ti nà án.

Ṣé Àìnígbàgbọ́ Ni?

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, alàgbà kan béèrè ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní, "Pásítọ̀, bí a bá ń kó fóònù lé wọn lọ́wọ́ báyìí, ṣé a kò sọ pé a kò retí ìwòsàn mọ́?" Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi bínú.

Ìdáhùn wa ni pé, àwa fúnra wa ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Bí a kò bá fi awò sójú, a kò lè ka Bíbélì lórí pẹpẹ. Kò tíì sí ọmọ ìjọ kan tí ó sọ fún wa pé awò ojú wa jẹ́ àìnígbàgbọ́. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gíláàsì méjì tí a so mọ́ etí wa àti fóònù tí ń kàwé fún ọmọ yẹn? Ọ̀kan ti mọ́ wa lára, èkejì kò tíì mọ́ wa lára. Ìyàtọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo Mósè nínú ìwé Ẹ́kísódù orí kẹrin. Ó ráhùn pé ẹnu òun wúwo. Ọlọ́run kò ní kí ó jókòó sílé títí ẹnu rẹ̀ yóò fi já gaara. Ó fi Áárónì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti máa sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà sì ń lọ. Ẹ tún wo àwọn mẹ́rin inú Máàkù orí kejì tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn tí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Wọn kò sọ pé bí ó bá fẹ́ rí Jésù, kí ó dìde rìn lọ. Wọ́n gbé e, nígbà tí ọ̀nà sì dí, wọ́n tú òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin inú Léfítíkù orí 19 kọ̀ fún wa láti gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú ẹni tí kò ríran. Ní ti àwa, ilé-ìwé tí ọmọ kò lè kọ́ ohunkóhun níbẹ̀ jẹ́ ohun ìkọ̀sẹ̀. A ṣì ń gbàdúrà fún ìwòsàn ọmọ yìí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó sì ń kàwé ní ọjọ́ Sátidé.

Fóònù Nìkan Kò Tó

Síbẹ̀, a kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí ó bá ń fi etí nìkan kàwé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti Yorùbá, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù tí a lò ń fi ẹnu òyìnbó ka Yorùbá. Kò mọ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà. Nítorí èyí ni arákùnrin olùkọ́ náà fi tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ wa kọ́ Braille pẹ̀lú, kí ìka rẹ̀ lè kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ bíi Pacelli ní Sùúrùlérè, tí ó ti wà láti 1962, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀yọ́ tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Ìdí mìíràn ni ìdánwò. Wọn kì í gba fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC, nítorí náà ọmọ tí fóònù nìkan ni ó gbójú lé yóò wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó gbọ́dọ̀ mọ Braille tàbí kí ó mọ bí a ti ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ. Ní ti JAMB, láti 2017 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní JAMB Equal Opportunity Group, tí wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ṣe olórí rẹ̀, láti mójútó ìdánwò àwọn tí kò ríran. Ẹ rí i dájú pé ẹ sọ ipò ọmọ yín fún wọn nígbà tí ẹ bá ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ kíyè sí èyí náà: áàpù tí ń ṣàpèjúwe àwòrán a máa ṣìnà. Ó lè fi ìgboyà sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara igò oògùn, tàbí ti sísọdá títì, kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nítòsí. Áàpù kan wà tí ń jẹ́ Be My Eyes, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 láti ọwọ́ Hans Jørgen Wiberg, ará Denmark tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó máa ń so ẹni tí kò ríran pọ̀ mọ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni tí yóò bá a wo nǹkan lórí fídíò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọmọ yín pé kí ó má ṣe gbé ìwé báńkì tàbí ohun ìkọ̀kọ̀ ilé síwájú àjèjì. Gbogbo ewu tí ó wà lórí fóònù fún àwọn ọmọ yòókù wà níbẹ̀ fún un pẹ̀lú. Àkàndá kì í ṣe áńgẹ́lì; ọmọ ni, ó ń fẹ́ àmójútó.

Ilé-Ìwé Àti Òfin

Ìṣòro tí ó tún kù ni ilé-ìwé. Ilé-ìwé rẹ̀ kò gba fóònù láàyè. Nígbà tí a lọ bá ọ̀gá àgbà, ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Pásítọ̀, bí mo bá gbà fún ọ̀kan, ọ̀la ni gbogbo wọn yóò mú tiwọn wá." Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù òfo. A jókòó, a jọ wá ọ̀nà. Ní ìparí, a fohùn ṣọ̀kan pé fóònù náà kò ní ní síìmù nínú, pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kíláàsì ni yóò máa wà bí ẹ̀kọ́ bá parí, àti pé etí kan ni ọmọ yóò máa fi gbohùn kí ó lè fi èkejì gbọ́ olùkọ́. Ó tún gbà láti sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, kí wọ́n máa kà á sókè. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ọmọ náà sì sọ fún wa pé òun ni ó ran òun lọ́wọ́ jù.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó dá yíyan àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ìpọ́sìn lẹ́kun ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti pé kí ilé-ìwé ìjọba ní òṣìṣẹ́ tí ó mọ bí a ti ń tọ́jú wọn. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tiwọn ti wà láti 2011. A mọ̀ pé ohun tí a kọ sínú ìwé àti ohun tí ó wà nínú kíláàsì kò tíì dọ́gba. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ òun ni yóò lè fi sùúrù béèrè láìsí ojo.

Ohun Tí Ẹbí Àti Ìjọ Lè Ṣe

Oṣù mẹ́ta tí a béèrè ti kọjá. Bàbá ọmọ náà kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń gbé fóònù náà lọ sí sọ́ọ̀mù lálaalẹ́ láti gba iná sí i níbi tí wọ́n ti ń tan jẹnẹrétọ̀. Ọmọ náà ti wọ SS 3. Ìdánwò ṣì wà níwájú, a kò sì mọ bí yóò ti rí. Ìṣirò ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí fóònù kò lè ka àwòrán inú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń fi okùn àti igi ìṣáná ya wọ́n fún un lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ó wà nínú kíláàsì.

Nítorí náà, a ń rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó ṣòro fún un. Ẹ má ṣe ra nǹkan kí ẹ tó béèrè, nítorí ohun tí ó wúlò fún ọ̀kan lè má wúlò fún èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fóònù tí ẹ ti ní kí ẹ tó ronú òmíràn. Ẹ wá ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí ó ti mọ̀ ọ́n lò, kí ó kọ́ ọmọ yín; ẹni tí kò ríran ni ó mọ ọ̀nà kọ́ ẹni tí kò ríran. Kí gbogbo ará ilé sì kọ́ ọ pẹ̀lú, kí ó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ tí fóònù bá yí padà, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ̀yin tí fóònù kì í kúrò ní ọwọ́ yín, iṣẹ́ yín nìyí. Bí ẹnì kan nínú yín bá ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìsìn láti tẹ àkọsílẹ̀ kíláàsì ọmọ kan sórí fóònù, kí ó lè kà á sí i létí, ohun ńlá ni ó ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ bàbá tí ẹ máa ń kó ẹ̀bùn jọ ní àkókò ìkórè, fóònù àlòkù tí ó ṣì dára wúlò ju àpò ìrẹsì tí yóò tán ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ọmọ kan sì wà nínú yàrá yín tí ẹ kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọ, a kò wá dá yín lẹ́bi. Ẹ mú un jáde. Ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run tí ó fi í fún yín kò ṣe àṣìṣe, ìjọ yóò sì dúró tì yín. Kí Olúwa fún yín ní ọgbọ́n àti okun láti tọ́ ọmọ tí ó fi lé yín lọ́wọ́. Àmín.